Fòníkú-fọ̀ladìde: Èròjà ẹ̀jẹ̀ tó sùn, oògùn tó ń jí i

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS kì í sábà ní ìnira àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní kété tí wọ́n bá bí i. Ìdí ni pé hẹmoglóbìn ọmọ inú oyún, tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bí dòjé, ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ẹ́nsáìmù inú ara, bíi DNMT1, a máa fi àmì kẹ́míkà ti apilẹ̀ àbùdá tó ń pèsè hẹmoglóbìn náà pa. Apilẹ̀ àbùdá, ìyẹn ìlànà tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ òbí, kò kú. Ṣe ló sùn.

Oògùn hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àwọn àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí ní ọdún 1998, máa ń dí ẹ́nsáìmù mìíràn lọ́wọ́, èyí tó ń pèsè ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe DNA. Hẹmoglóbìn ọmọ inú oyún a tún pọ̀ sí i, ìrora egungun a sì dínkù.

Nàìjíríà ni àìsàn yìí ti pọ̀ jù lọ ní àgbáyé. Nítorí náà, kí òbí, yálà ní Ugbolokposo nítòsí Warri tàbí ní Ìbàdàn, béèrè oògùn yìí lọ́wọ́ dókítà, kí wọ́n má ṣe dá a lò. Ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè sì pọn dandan.