Ọmọ tọ́rọ̀ ò yọ lẹ́nu ẹ̀: Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ nílé-ìwé!

Tọ́mọ kan bá ń kólòlò nílé-ìwé, tàbí tó jẹ́ pé ohun tó ń sọ kò yé ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, tíṣà á ní olódo ni, wọ́n á sì lọọ fi í sẹ́yìn kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ọmọ ọ̀hún lè pé ju ti gbogbo wọn lọ.

Àwọn tóyìnbó ń pè ní speech therapist ló ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò pọ̀ nílẹ̀ wa rárá, àmọ́ Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè wọ ilé-ìwé kó má bá ju tábìlì àtàga lọ, á di kó wá irinṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù o, ohun tó nílò kì í ṣe olówó iyebíye.

ETÍ LA Ń KỌ́KỌ́ WÒ
Lẹ́tà ló ṣáájú, èyí tí wọ́n á fi ní káwọn òbí gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, bíi tàwọn UCH n'Ìbàdàn, tàbí LUTH n'Ídìí-Àràbà, l'Ékòó. Ọmọ tí ò gbọ́ràn dáadáa ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, etí tó ń ṣọyún nìkan sì tó o ba nǹkan jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dígí, kọ́mọ lè máa wo ètè àti ahọ́n ara ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Tọ́ọ̀ṣì àti ìbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà láti yẹ ẹnu wò, bóyá àjà ẹnu lanu. Ọṣẹ náà ò gbọ́dọ̀ wọ́n, torí kò sóhun ìṣeré táwọn ọmọdé kì í fi sẹ́nu.

ÀWÒRÁN TÓ JẸ MỌ́ ILÉ WA
Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá gbé àwòrán yìnyín ilẹ̀ òyìnbó síwájú ọmọ tí wọ́n bí sí Mọ́níyà, níbo ni kó ti mọ̀ ọ́n? Tó bá dákẹ́, wọ́n á ní kò gbọ́ èdè. Ẹ ya ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá etí ẹ̀ mọ ohùn yà sọ́tọ̀.

Ọmọ tó ń pe ilé-ìwé ní 'sùkúù' ò ṣàìsàn, bí ẹnu Yorùbá ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn tó ń fi 's' pe 'ṣ' náà kò ṣàìsàn, èdè àdúgbò ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tọ́mọ ọdún méje bá ṣì ń pe gààrí ní 'dààrí', ẹ tètè gbé e wá.

ERÉ LỌMỌDÉ Ń SỌ̀RỌ̀ SÍ
Ọpọ́n ayò, oníhò méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, dáa púpọ̀. Kí n ta, kó o ta, bí wọ́n ṣe ń gbọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn náà nìyẹn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré gbé ọmọ ayò mì o! Fífọn bálúùnù dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń jẹ́ kí 'k' tàbí 'gb' já geere, sísọ ọ̀rọ̀ gan-an ni.

Fún ọmọ tí ò lè sọ̀rọ̀ rárá, ẹ lẹ àwòrán omi, oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti 'ó ń dùn mí' mọ́ páálí, kó máa nawọ́ sí èyí tó bá fẹ́. Irọ́ ni pé yóò sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tiẹ̀, pẹ̀lú déètì, àti iye tó gbà nínú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ gba ohùn ẹ̀ sórí fóònù, ẹ gbàyè lọ́wọ́ àwọn òbí, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp!

Tàwọn akólòlò ńkọ́? Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọdé, bíi márùn-ún ló máa ń kólòlò nígbà kan, púpọ̀ nínú wọn á sì bọ́ ńbẹ̀. Ẹ tẹ̀wé ojú kan fún tíṣà àtòbí: ẹ má bá a parí ọ̀rọ̀, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má nà án.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, yàrá kékeré kan tí ò láriwo la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìyẹn nìkan ni báàgì ò lè gbé.