Ìdójútòfò Tí Ẹnjiníà Aládàáni Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Kó Já

Ẹnjiníà tó kúrò lábẹ́ ọ̀gá, tó wá ń dá gba iṣẹ́ ìmọ̀ràn, òun nìkan ló ń fọwọ́ síwèé. Orúkọ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ tó gbà lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló wà nísàlẹ̀ pílánnì tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó to irin dẹ́kìn. Bí òpó kò bá lè gbé ẹrù orí rẹ̀, òun ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́, ilé tó ń gbé gan-an sì lè bá ẹjọ́ náà lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ìdójútòfò tí onílé rà ti bo àwọn náà. Lóòótọ́, abala 64 òfin ìdójútòfò 2003 sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó bá ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ, nítorí òṣìṣẹ́ tàbí ará ìta tí ilé lè wó lù. Òfin 2025 tó rọ́pò rẹ̀ kò mú dandan náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹrù ọrùn onílé ni ìyẹn wà fún. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó bá sanwó tán lè yíjú sí ẹnjiníà tó ya pílánnì.

Èyí tó yẹ ẹnjiníà ni ìdójútòfò àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń san owó gbà-má-bínú àti owó lọ́yà, owó lọ́yà kì í sì í ṣe kékeré. Kí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, nílùú Èkó, lóṣù Kọkànlá 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní 40, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà láti 2020. Ẹni tó yọwọ́ bẹ́ẹ̀ pàápàá ṣì lè nílò ẹni tó máa bá a rojọ́.

Ibi tó ń gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú rèé. Ká ní ẹnjiníà ya pílánnì ní 2018, ó ń san owó ìdójútòfò títí di 2022, ó wá dáwọ́ dúró nítorí pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ògiri sán ní 2025, ìwé lọ́yà dé. Ìdójútòfò tó bá wà láàyè lọ́jọ́ tí ẹ̀sùn dé ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í wo ti ọjọ́ tó ya pílánnì. Gbogbo ohun tó san sẹ́yìn kò ní gbà á. Ó yẹ kó ra èyí tó ń bo ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Bó bá sì ń pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kó rí i pé ìwé tuntun bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Kó má sì gbà pé òun jẹ̀bi kó tó fi tó adójútòfò létí.

Ti ara rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Ètò NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, wà fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń dáwó sí i. Aládàáni tó bá já bọ́ lórí àkàbà gbọ́dọ̀ ti ra ìdójútòfò ìjàǹbá fúnra rẹ̀.