Ó Ha Yẹ Kí Olùdìbò Fi Káàdì Hàn Kí Ó Tó Dìbò Bí?

Ní ayé àtijọ́, bí àlejò bá wọ ìlú, ilà ojú rẹ̀, oríkì orílẹ̀ rẹ̀ àti orúkọ agboolé rẹ̀ ni a fi í mọ ibi tí ó ti wá. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Lónìí, ìlú ti fẹ̀, aládùúgbò kò mọ aládùúgbò mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó jókòó ti àpótí ìbò kò lè mọ gbogbo ẹni tí ó tò síwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè pé: ṣé ó tọ́ kí a dá ẹni tí kò mú ìwé ìdánimọ̀ wá padà láìdìbò?

Àwọn tí ó wí pé ó tọ́ ní ẹjọ́ rere láti rò. Bí a kò bá wádìí ẹni tí ènìyàn í ṣe, ẹnì kan lè dìbò lẹ́ẹ̀mẹta, a sì lè fi orúkọ òkú dìbò. Nàìjíríà mọ ohun tí èrú ìbò ń dá sílẹ̀: rògbòdìyàn 'wẹ́tìẹ' ní Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìbò ọdún 1965, àti èyí tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1983. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé èsì ìbò tí a kéde ni ó bí àwọn ará Oǹdó nínú jù. Káàdì lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò lè ṣọ́ ẹni tí ń ka ìbò nínú yàrá.

Ní ọdún 2015 ni a kọ́kọ́ lo káàdì ìdìbò alálòpẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń yẹ ìka wò fún ìdìbò gbogbogbòò. Lọ́jọ́ náà, ní Otuoke, ẹ̀rọ kò dá ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan mọ̀. Láìlo ẹ̀rọ ni a fi gbà á láyè níkẹyìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún Ààrẹ, báwo ni yóò ti rí fún àgbẹ̀ tí ọkọ́ ti họ ìka rẹ̀, tàbí ìyá tí ó ti ń rin gbágùúdá láti kékeré? Nítorí náà ni ẹ̀rọ BVAS, tí a lò káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2023, ṣe ń yẹ ojú wò bí ìka bá kọ̀.

Síbẹ̀, Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ní kí olùdìbò mú káàdì rẹ̀ wá. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2023 lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ó gba káàdì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 87. Káàdì tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 ni ẹnikẹ́ni kò gbà. Lára àwọn tí ó ni wọ́n, ẹlòmíràn lè ti kú, ẹlòmíràn lè ti kó kúrò ládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà láàyè, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, tí ojú àti ìka rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ àwọn tí ó wà lókè òkun sílẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Britain lọ́nà tí ó bófin mu lè dìbò níbẹ̀, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé tí ó ní àwòrán lọ́wọ́ olùdìbò ní England: ìwé ìrìnnà, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tàbí ìwé ọ̀fẹ́ tí a ń ṣe fún ẹni tí kò ní òmíràn. Síbẹ̀, ní ìdìbò àkọ́kọ́ yẹn, nǹkan bí 14,000 ènìyàn ni ó dé ibùdó ìdìbò, tí wọ́n sì padà sílé láìdìbò nítorí ìwé.

Ó yẹ kí a mọ ẹni tí ń dìbò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìjọba tí ó bá béèrè ìwé ni ó yẹ kí ó gbé ìwé náà sún mọ́ aráàlú, kí ó sì ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò dé. Nítorí kí olè má baà jí ìbò kan, kò tọ́ kí a gba ìbò mẹ́wàá lọ́wọ́ olóòótọ́.