Ẹ̀san Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Gba Àlàyé

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti wo sinimá àwọn kábọ̀ì ilẹ̀ Amẹ́ríkà títí ojú fi ń ta wá, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ nígbàkúùgbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ bá gbẹ̀san. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ó dá àtẹ́wọ́ náà dúró: The Bravados, tí Henry King darí ní ọdún 1958.

Gregory Peck ni ó ṣe Jim Douglass, ọkùnrin tí a pa ìyàwó rẹ̀. Ó wá sí ìlú Rio Arriba láti wo bí a ó ti yẹgi fún ọ̀daràn mẹ́rin, nítorí ó dá a lójú pé àwọn ni apànìyàn náà. Wọ́n sá kúrò ní túbú, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ, Douglass sì tẹ̀lé wọn. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ ọ̀kan, yóò fi fótò ìyàwó rẹ̀ tí ó wà nínú aago àpò rẹ̀ hàn án. Olúwarẹ̀ yóò ní òun kò rí obìnrin náà rí. Ẹni mẹ́ta ni ó pa lọ́nà báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Adájọ́ ti dá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́bi ikú lórí ọ̀ràn mìíràn, nítorí náà àwa òǹwòran pàápàá kò bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ Douglass. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí gbọ́ ẹjọ́ wọn, kò kàn gbà á gbọ́ ni. Èyí ni ó burú jù lójú wa. Ìbànújẹ́ ti di ẹlẹ́rìí àti adájọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá a lójú tó.

Ẹnì kẹrin, Lujan, tí Henry Silva ṣe, sá dé ọ̀dọ̀ aya àti ọmọ rẹ̀ ní Mẹ́síkò. Ibẹ̀ ni Douglass ti rí àpò owó tirẹ̀, èyí tí a jí lọ nígbà tí a pa ìyàwó rẹ̀. Lujan ní ara òkú Butler ni a ti mú un. Butler kẹ̀! Aládùúgbò Douglass ni, òun ni ó sì ti sọ fún un pé ọkùnrin mẹ́rin ni òun rí tí wọ́n gẹṣin kọjá.

Douglass padà sí Rio Arriba, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́wọ́ fún àlùfáà, kò sì fi ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ lórí àwọn òkú náà ṣe àwáwí. Àwọn ará ìlú, tí wọn kò mọ nǹkan kan, kí i lẹ́nu ọ̀nà bí akọni. Ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa rántí òun nínú àdúrà wọn.