Gbogbo Ẹyẹ Funfun Kọ́ Ni Lékèélékèé

Ẹyẹ funfun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, èyí nì ni lékèélékèé, tí àwọn ọmọdé máa ń na ìka sí lókè pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Bí a bá rí ẹyẹ funfun létí ọ̀sà, nínú àbàtà, tàbí lẹ́yìn agbo màlúù, orúkọ kan náà ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n irú wọn ju ẹyọ kan lọ, ẹnu àti ẹsẹ̀ ni a sì fi ń dá wọn mọ̀, kì í ṣe aṣọ funfun tí gbogbo wọn jọ wọ̀.

Lékèélékèé gan-an kúrú lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀yìn màlúù ni ó ń tọ̀, nítorí tata tí màlúù ń lé sókè nínú koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Ní àkókò tí ó bá ń yé ẹyin, orí, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ a máa pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tí a fi osùn pa.

Èkejì ní ẹnu dúdú àti ẹsẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, bí ẹni tí ó wọ bàtà tí kò bá ṣòkòtò rẹ̀ mu. A máa fi ẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ lábẹ́ omi kí ẹja kéékèèké lè sá jáde. Ẹ̀kẹta tóbi ju méjèèjì lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà kan láti ẹnu dé ìrù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú títí dé ìka. Ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n a máa di dúdú ní àkókò ìyẹ́yin. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu nìkan yóò ṣì í mọ̀.

Níhìn-ín ni kámẹ́rà ti wúlò, nítorí ẹyẹ kì í dúró de ẹni tí ó ń ronú. Láyé àtijọ́ ìbọn ni a fi ń dá a dúró. Àwọn oníṣòwò ìyẹ́ tilẹ̀ ń pa àwọn ẹyẹ wọ̀nyí lórí ìtẹ́ wọn nítorí fìlà àwọn obìnrin ilẹ̀ Òyìnbó, ebi a sì pa àwọn ọmọ wọn kú. Ọdún 1921 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti dá kíkó irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ wọn dúró. Ṣáájú èyí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Richard àti Cherry Kearton, ti tẹ ìwé jáde ní 1895 tí ó kún fún àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi kámẹ́rà yà nínú igbó. Wọ́n tilẹ̀ fi awọ màlúù ṣe màlúù oníhò, wọ́n sì ń fara pamọ́ sínú rẹ̀ kí ẹyẹ má baà fura.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí ó fi sùúrù wo ẹyẹ kò ní láti pa á rárá. Kí ó jáde ní òwúrọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó dín ìmọ́lẹ̀ tí ń wọ inú kámẹ́rà kù díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyẹ́ funfun náà yóò dà bí ìwé tí a kò kọ nǹkan sí. Kí ó dúró títí ẹyẹ yóò fi gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ìtẹ́: bí ìyá bá fò lọ, oòrùn a pa ọmọ, àṣá a sì gbé ẹyin. Àwòrán tí ó ná ẹyẹ ní ọmọ rẹ̀ kò sàn ju ìbọn lọ.

Ẹ̀yin òbí, nígbà tí àwọn ọmọ bá tún na ìka sókè, ẹ bi wọ́n pé: àwọ̀ wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀?