Ṣé o mọ̀ pé akokoro lè dé àyà?

Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ahọ́n, tó tẹ́ láti egungun àgbọ̀n lápá ọ̀tún dé apá òsì. Mylohyoid ni wọ́n ń pè é, òun ló sì pààlà láàárín ẹnu àti ọrùn. Gbòǹgbò àwọn eyín iwájú kì í sábà kọjá ibi tó ti so mọ́ egungun. Bí wọ́n bá kẹ̀, ọyún lè kó sí abẹ́ ahọ́n. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò eyín ńlá kejì àti ìkẹta nísàlẹ̀ jìn ju ìlà tó ti so mọ́ egungun yẹn lọ. Ọyún tiwọn lè bọ́ sí ọrùn, kó gba ẹ̀yìn ọ̀fun wọ inú àyà.

Ludwig, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe wíwú burúkú tí irú ọyún yìí ń fà lábẹ́ àgbọ̀n ní 1836; orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, Ludwig's angina. Abẹ́ àgbọ̀n á le bíi pákó, ahọ́n á ga sókè, itọ́ kò ní ṣeé gbé mì. Dídí ọ̀nà èémí ló sábà ń pani. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n tó yẹ kó di ọ̀bẹ mú láìmọ ìlà mylohyoid yìí.

Bí o bá ń tajà ní Mile 12 l'Ékòó, jọ̀ọ́, mọ̀ pé oògùn ìrora kì í lé ọyún. Bí ọrùn bá wú, tí ẹnu ò sì ṣeé là, gba Kétu kọjá sí ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá.