Kámẹ́rà Kò Mọ Aró

Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nígbà tí èmi àti Bàbá Onífótò wọ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Oòrùn kò tíì le. Àwọn ọlọ́jà ń ṣí ìsọ̀, wọ́n ń na adìrẹ sórí okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, òórùn aró sì gba ojú ọ̀nà. Kámẹ́rà tuntun wà lọ́rùn mi: Canon EOS 2000D, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré tó bá a wá nínú páálí. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti rà á. Láti ọjọ́ náà, orí Auto ló ń gbé, gbogbo àwòrán tí mo sì yà ló dà bíi pé ẹ̀rọ ló dá yà wọ́n.

Bàbá yí róbótó tó wà lórí rẹ̀ kúrò ní Auto, wọ́n gbé e sí Av. "Láti òní lọ, máa bá a sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kó máa dá ṣe." Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Fíìmù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo àṣìṣe ń náni lówó.

Ìsọ̀ kan wà níwájú tí màmá àgbàlagbà kan jókòó sí. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá o. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè yà yín?"

Wọ́n wò mí títí. "Báyìí? Láìwé gèlè?" Wọ́n wọ inú lọ. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, gèlè funfun báláú ti wà lórí wọn, adìrẹ tó gbó dáadáa ni wọ́n ró mọ́dìí. Wọ́n fa àpótí síta, wọ́n jókòó gbọnran, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì sì fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn African Arts nípa ìjókòó yìí gan-an, tó bá lọ́wọ́ àwọn onífótò Yorùbá: kí gbogbo ara àgbà hàn, kí ojú rẹ̀ kọ kámẹ́rà tààrà. Bàbá kò ka ìwé náà rí. Èjìká mi ni wọ́n kàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bẹ̀rẹ̀. A kì í dúró lé àgbà lórí ya fótò." Mo bẹ̀rẹ̀ títí lẹ́ǹsì fi wà ní ọ̀gangan àyà Màmá, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Gèlè hàn kedere. Ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn wọn hàn. Ojú Màmá dúdú kirimù, bí ẹni tó wà nínú yàrá tí wọn kò tan iná sí. Wọ́n ní kí àwọn wò ó. "Èmi rèé?" Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì dùn mí wọ eegun.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti ṣí mi lójú. Kámẹ́rà ní ohun tó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló gbà gbọ́: pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa jẹ́. Bí gèlè funfun àti ojú ọ̀run ṣe kún ojú rẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Ojú Màmá ló forí fá a. Bàbá ní kí n tẹ bọ́tìnnì Av mọ́lẹ̀, kí n yí táyà kékeré tó wà lókè títí àmì yóò fi dúró sí +1. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé di ìlọ́po méjì. Mo tún un yà. Màmá jáde nínú àwòrán náà, dúdú tó ń dán bíi kóró iṣin, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn hàn, ìlà wẹ́wẹ́ tó wà ní etí ojú wọn náà hàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀rọ mi nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó kan, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ fíìmù Kodak ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fótò. Awọ ara tiwa kò sí nínú òṣùwọ̀n náà. Ẹni tó bá fẹ́ ya dúdú kó dúdú dáadáa ní láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Mo yí kámẹ́rà sí adìrẹ tí wọ́n na sórí okùn. Mo rò pé +1 ti di òògùn. Adìrẹ tó pọ́n dúdú bí òru jáde bí aṣọ tí wọ́n ti sá sóòrùn fún ọdún kan. "Aró lo fi hàn án," ni Bàbá wí, "ó sì fẹ́ sọ aró náà di eérú." Níbí, −1 ló gbà á. Aró padà sí ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjà ni àwọn aláró wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi abẹ́la yíyọ́ ṣe ọnà dípò ẹ̀kọ láfún, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò aró kò yí padà. Obìnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fa aṣọ sókè, aṣọ náà sì jáde ní àwọ̀ ewé! Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, ewé náà ń sá, aró ń dé, láti etí wọ àárín, kí n tó mí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo yí róbótó sí Tv, kí n lè yan bí ojú kámẹ́rà yóò ṣe pẹ́ tó ní lílà. Mo gbé e sí ìdá kan nínú 30 ti ìṣẹ́jú àáyá kan: ọwọ́ obìnrin náà di èéfín. Mo gbé e sí ìdá kan nínú 500: ẹ̀kán omi dúró lófuurufú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ní kó fa aṣọ sókè kí n tó rí ìgbà tí ìdajì aṣọ jẹ́ ewé, tí ìdajì jẹ́ aró. Kò bínú. Ọlọ́run á san án fún un.

Nígbà tí a ń mu ẹ̀kọ, Bàbá sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá papòdà láìyà fótò, òbí á gbé èyí tó kù wá. Wọ́n á yà á, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ fún un. "Ìyá wọn á gbà á lọ́wọ́ wa," ni wọ́n wí, "kò ní sọ̀rọ̀." Wọ́n wá bi mí pé mélòó ni mo ti yà láàárọ̀ yìí. Mo wò ó: 214. "Èwo lo máa fi lé ẹnì kan lọ́wọ́?"

Ọjọ́ kẹta, mo padà sí ìsọ̀ Màmá pẹ̀lú àpò ìwé kan. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n di fótò náà mú ní etí méjèèjì. Wọ́n fi àtàǹpàkò bo gèlè, wọ́n wo ojú nìkan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá pe ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì. Àwọn méjèèjì wò ó láìsọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, "èló ni ńlá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri?"